Ẹni Tó Gbé Orí Mi Sókè Nídìí Kọ́bọ́ọ̀dù Oògùn

N kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ẹni tó mọ̀ mí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí mo bá wá ní ojú mi rí nǹkan, ẹ gbà mí gbọ́. Ọ̀sán gangan ni, kì í ṣe òru.

Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan wà lẹ́bàá Bẹẹrẹ nígbà náà. Ibẹ̀ ni mo ti ń gbálẹ̀, tí mo ń fọṣọ. Ìwé mẹ́rin péré ni mo kà, ṣùgbọ́n mo lè kọ orúkọ mi, ìyẹn ni wọ́n fi mú mi mọ́ ìdí kọ́bọ́ọ̀dù oògùn ìrora. Àwọn kan a máa jí oògùn yẹn tà, nítorí náà ẹnì kan kò gbọdọ̀ dá kọ́bọ́ọ̀dù ṣí. Nọ́ọ̀sì á fa oògùn sínú abẹ́rẹ́, ẹnì kejì á máa wò ó, á sì kọ orúkọ sínú ìwé pé òun rí i.

Èmi ni ẹnì kejì. Kí n má purọ́ fún yín, n kò wò ó rí. Nọ́ọ̀sì wa, Bọ̀dá Kàsálì, dàgbà ju ẹ̀gbọ́n mi àgbà lọ. Ṣé ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé á máa ranjú mọ́ àgbà lọ́wọ́ ni? Màá kúnlẹ̀, màá wolẹ̀, ibi tó bá fìka sí ni màá kọ orúkọ sí.

Ìyá kan wà níbẹ̀, ará Pópó Yemọja, jẹjẹrẹ ọmú ló ń bá a jà. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tí kò sùn. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó fà mí láṣọ.

"Ọmọ mi, abẹ́rẹ́ yìí kì í ṣe ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Wọ́n kàn ń gún mi lásán ni."

Mo ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, mà." Mo ń gbálẹ̀ mi lọ.

Wọ́n ń pe ìrun ọ̀sán lọ́wọ́ nígbà tí Bọ̀dá pè mí. Mo kúnlẹ̀, mo wolẹ̀. Ni mo bá rí ẹsẹ̀ méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, bàtà funfun, ìbọ̀sẹ̀ funfun. Ilẹ̀kùn ò dún. Oòrùn ń gba ojú fèrèsé wọlé, òjìji Bọ̀dá wà nílẹ̀, tèmi náà wà nílẹ̀. Ti ẹlẹ́sẹ̀ yẹn ò sí.

Ọwọ́ kan bọ́ sábẹ́ àgbọ̀n mi, ó tutù bí omi àmù. Ó rọra gbé orí mi sókè.

"Wò ó," ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ sí mi létí.

Ẹ̀rù bà mí, àmọ́ kì í ṣe irú ẹ̀rù tí èèyàn fi ń sá. Ó dà bí ìgbà tí Olúbàdàn bá ń kọjá ní Ọjà'ba, tí ariwo gbogbo rọlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Mo wò ó. Ìgò omi tí èmi fúnra mi sè láàárọ̀ ni Bọ̀dá ti ń fa sínú abẹ́rẹ́. Oògùn ti wà lápò rẹ̀.

"Kí lò ń wò?"

"Bọ̀dá, ẹ má bínú. Omi lẹ fà yẹn."

"Ta ló bi ọ́? Kọ orúkọ rẹ, jàre."

Ó ti ìwé sí mi. Ẹlòmíràn ti kọ orúkọ sí àyè tèmi, tàdáwà rẹ̀ ò tíì gbẹ. Bọ̀dá kà á, ó sì da omi inú abẹ́rẹ́ nù. Ó yọ oògùn lápò, ó fà á, èmi sì ń wò ó. Ìyá sùn títí di ìrọ̀lẹ́. Bọ̀dá gba ẹ̀yìnkùlé jáde, a ò rí i mọ́.

Mo ka orúkọ náà fún ìyá tó ń se oúnjẹ níbẹ̀. Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ kó tó dáhùn.

"Nọ́ọ̀sì àgbà tó ṣáájú Kàsálì nìyẹn. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi wẹ̀ ẹ́ kí wọ́n tó sin ín. Má pe orúkọ yẹn mọ́."

Títí dòní, n kò mọ̀ bóyá nọ́ọ̀sì àgbà náà ti lọ. Ohun tí mo mọ̀ kò ju ẹyọ kan: bí wọ́n bá fi yín ṣe ẹlẹ́rìí, ẹ gbójú sókè, bó ti wù kí ẹni ọ̀hún dàgbà tó. Bí ẹ̀yin ò bá wò ó, ẹlòmíràn á wá wò ó, ẹ ò sì mọ ibi tí onítọ̀hún ti ń bọ̀.