Ẹ̀sán Pín In

Títí dòní, bí mo bá ń tẹ nọ́ńbà iná sára mítà, ohùn bàbá tó ń gbé ìsàlẹ̀ wa ní Festac kí wọ́n tó kó padà sí Abẹ́òkúta ni mo máa ń gbọ́. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n. Kò sí nọ́ńbà gígùn tí wọn kì í rò pọ̀, títí kan ti mọ́tò tó ń kọjá lọ sí Agboju. Wọ́n á ní, "Ẹ̀sán pín in!" wọ́n á sì rẹ́rìn-ín bí ẹni tó mú olè.

Ẹkún ni ọmọbìnrin mi máa ń sun bó bá rí nọ́ńbà gígùn, ìdánwò àtiwọ ilé ìwé girama sì ń bọ̀. Ẹ̀rù ń bà mí.

"Màmá kékeré," Bàbá sọ fún un, "ejò gùn lóòótọ́, orí kan ló ní. Ro àwọn ẹyọ nọ́ńbà inú rẹ̀ pọ̀. Bí ẹ̀sán bá pín àròpọ̀ yẹn láìṣẹ́kù, ó pín odidi nọ́ńbà."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Bàbá ń pe nọ́ńbà iná fún mi láti inú fóònù mi, mítà ò gbà á. A tún un tẹ̀, kò gbà. Ọmọ mi bá gba fóònù wò.

"Bàbá, ẹ̀ta, ẹ̀rin ló wà níbí. Ẹ̀ta, èje lẹ pè fún Mọ́mì. Ẹ ti ń rò ó pọ̀!"

"Háà! Wọ́n ti mú mi," ni Bàbá wí. "Ó yá, ìwọ pè é."

Ó pè é tán, mo tẹ̀ ẹ́, iná dé. Mo fẹ́ wọlé.

"Mọ́mì, ẹ dúró ná." Ó ń ka ìka. "Ẹ̀sán pín in."