Lẹ́ǹsì Tó Wọ Yàrá Ìyá Àgbà

Òórùn epo pupa tó ń hó ló máa ń jí wa nílé wa ní Ìkirè. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, ìyá mi á ti gún ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó ti rọ̀ pọ̀ mọ́ ata àti iyọ̀, á máa fi ọwọ́ já a sínú epo, á sì máa dún ṣìì. Òun ni dòdò Ìkirè tí àwọn èrò ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀ máa ń nawọ́ rà lójú fèrèsé ọkọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá wo agbọ̀n ọ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ̀ tó ti dúdú, tó yínmú sí i, ìyá mi kì í bínú. Á kàn ní, "Èyí tẹ́ ẹ ní ó ti bàjẹ́ yẹn, òun ni mo fi ń rán ọmọ níléèwé." Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn títí mo fi rò pé gbogbo ìyá ló máa ń sọ ọ́.

Láàárọ̀ Sátidé kan, nígbà tí mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, awakọ̀ kan já páálí kékeré kan sílẹ̀ níwájú àtẹ ìyá mi. Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá mi, ló fi ránṣẹ́ láti òkè òkun. Ó ti pẹ́ tó ti lọ. Èmi ò tiẹ̀ mọ ojú rẹ̀ ju ti inú fóònù lọ. Bàbá mi, tó ní ilé fọ́tò kan lójú ọ̀nà Apòmù, fi ọ̀bẹ tí ìyá mi fi ń bó ọ̀gẹ̀dẹ̀ tú páálí náà. Kámẹ́rà dúdú kan ló bọ́ síta, ó kéré, àmọ́ ó wúwo ju bó ṣe rí lójú lọ. Mírọ́lẹ́ẹ̀sì ni, irú èyí tí kò ní dígí nínú bíi ti àtijọ́, tí èèyàn lè fi ya fọ́tò láìjẹ́ kó dún rárá. Ṣùgbọ́n kò ní lẹ́ǹsì. Ibi tó yẹ kí ojú rẹ̀ wà, ọmọrí ike ni wọ́n fi dé e.

Ìwé kan wà nínú páálí náà. Bàbá Kékeré ní òun ò mọ irú lẹ́ǹsì tó yẹ, kí ẹ̀gbọ́n òun fúnra rẹ̀ yan ẹyọ kan nílé, òun á sanwó rẹ̀. Nǹkan kan ṣoṣo ni òun ń bẹ̀bẹ̀ fún: fọ́tò ìyá àwọn, kí ojú wọn sì là nínú rẹ̀.

Gbogbo wa la mọ ohun tó fà á tó fi sọ bẹ́ẹ̀. Ìyá Àgbà, tí wọ́n ń gbé ní Apòmù, kò ya ju fọ́tò kan lọ láyé wọn. Ìyàwó tuntun ni wọ́n nígbà yẹn. Bí iná kámẹ́rà ṣe bù yẹ̀rì, wọ́n dijú. Nígbà tí fọ́tò dé, àwọn ìyàwó ilé kó o káàkiri agboolé, wọ́n ní òkú ló nàró yẹn. Láti ọjọ́ náà, Ìyá Àgbà ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé kámẹ́rà sójú àwọn mọ́, títí kan ọmọ tí wọ́n bí tó ń fi fọ́tò jẹun. Bí bàbá mi bá gbé e wá, ìborùn ni wọ́n á fi bojú. Nígbà tí mò ń sọ yìí, ẹsẹ̀ ti ń dùn wọ́n, wọn ò sì fi bẹ́ẹ̀ jáde kúrò ní yàrá mọ́. Yàrá náà ò ju ibi téèyàn méjì lè tẹ́ ẹní sí lọ, fèrèsé onípákó kan ṣoṣo ló sì ń gba ìmọ́lẹ̀ wọlé.

Bàbá mi kọ́kọ́ gbìyànjú láti fi àwọn lẹ́ǹsì kámẹ́rà rẹ̀ àtijọ́ sí tuntun yìí, àmọ́ ẹnu wọn ò bá ara wọn mu. Ó di dandan kó ra òmíràn. Ló bá pe Alága. Alága ni olórí ẹgbẹ́ àwọn onífọ́tò ìlú wa, ọkùnrin síńgbọnlẹ̀ kan tó máa ń gbé kámẹ́rà kọ́rùn kódà nígbà tí kò bá lọ síbi iṣẹ́. Ó dé ilé fọ́tò wa lálẹ́ Sátidé yẹn kan náà, kí a tó kírun mọ̀gàrìbá, èmi ń gbálẹ̀ lọ́wọ́. Ó ní kí bàbá mi má wulẹ̀ ronú jìnnà, lẹ́ǹsì gígùn ni kó rà, èyí tó ń fa ohun tó wà lókèèrè sún mọ́tòsí. Ó ní, "Lẹ́ǹsì ni agbádá onífọ́tò. Kí wọ́n tó rí fọ́tò tó o yà, ohun tó wà lọ́wọ́ ẹ ni wọ́n á kọ́kọ́ rí."

Ó ṣẹlẹ̀ pé lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, tíṣà sáyẹ́ǹsì wa ti ya ojú ológbò méjì sára bọ́ọ̀dù, ọ̀kan nínú oòrùn, ọ̀kan nínú òkùnkùn. Èyí tó wà nínú òkùnkùn, ẹyinjú rẹ̀ là gbàgàdà. Tíṣà ní bí ihò ojú bá ṣe tóbi tó ni ìmọ́lẹ̀ ṣe máa wọlé tó. Mo ti ń wo fídíò nípa lẹ́ǹsì lórí fóònù bàbá mi tẹ́lẹ̀, ẹ̀kọ́ yẹn ló wá tú gbogbo rẹ̀ fún mi. Lẹ́ǹsì gígùn tí Alága ń wí, ojú rẹ̀ ò là tó nínú òkùnkùn, á ṣì nílò iná. Àmọ́ lẹ́ǹsì kékeré kan wà tí kì í fa nǹkan sún mọ́ni, tó jẹ́ pé bó ṣe wà ló wà, tí ojú rẹ̀ sì là bíi ti ológbò yẹn.

Mo dúró pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́, mo ní, "Alága, yàrá Ìyá Àgbà ò gba lẹ́ǹsì gígùn. Ẹ ò ní rí ibi sún sẹ́yìn sí."

Wọ́n yí ojú sí mi. Alága rẹ́rìn-ín, ó bi bàbá mi pé ṣé ọmọ tó ń gbálẹ̀ ló tún ń kọ́ òun níṣẹ́. Ó ní kí n lọ bá ìyá mi nídìí àgbada, pé òun ò tíì rí obìnrin tó fi fọ́tò ṣe iṣẹ́ ní Ìkirè. Mo sọ fún un pé kò tíì rí i ni, kì í ṣe pé kò ní rí i. Bàbá mi ní kí n jáde. Mo jáde, ṣùgbọ́n mi ò tọrọ àforíjì, bẹ́ẹ̀ bàbá mi retí i títí di ọjọ́ kejì.

Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ó lọ sí Ìbàdàn, ó ra lẹ́ǹsì gígùn náà. Kí n má purọ́, ó rẹwà. Ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, a gun ọ̀kadà lọ sí Apòmù, èmi àti òun. Ìyá Àgbà jókòó sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, wọ́n ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí. Bàbá mi fi nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tó sọ ìborùn kalẹ̀. Ó gbé kámẹ́rà sójú, imú wọn nìkan ló rí. Ó sún sẹ́yìn, ó kan ògiri. Ó ṣílẹ̀kùn, ó bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń sún sẹ́yìn títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi kan ìkòkò omi. Láti ibẹ̀, ó rí gbogbo ojú wọn, àmọ́ fọ́tò dúdú kirimú. Ló bá tan fíláàṣì. Bí iná yẹn ṣe bù yẹ̀rì báyìí, Ìyá Àgbà fi ọwọ́ méjèèjì bojú, ẹ̀gúsí dà nù.

Wọn ò pariwo. Wọ́n kàn ní, "Mùfútàù, ṣé ìwọ náà fẹ́ fi mí ṣe òkú ni?" Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n yí ojú sí ògiri.

A gun ọ̀kadà padà sílé. Níwájú àtẹ ìyá mi, bó ṣe sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, mo sọ fún un pé kó dá lẹ́ǹsì yẹn padà. Ó ti sọ fún wa tẹ́lẹ̀ pé ẹni tó tà á fún òun ní òun lè dá a padà bí ọ̀sẹ̀ ò bá tíì pé. Ó ní kí n pa ẹnu mọ́. Ó ní Alága ti ń fọ́nnu káàkiri ẹgbẹ́ pé Alága fúnra rẹ̀ ló bá òun yan lẹ́ǹsì, pé kí ni òun fẹ́ sọ fún wọn.

Mo ní, "Bàbá, ṣé ojú Alága lẹ ń wò ni, àbí ojú ìyá yín?"

Ọwọ́ rẹ̀ gòkè. Mo rí i, mi ò sì yẹ̀. Ìyá mi ò dìde lórí àpótí, kò sì yọ ṣíbí kúrò nínú epo. Ó kàn fi orúkọ mi pè é, ó ní, "Bàbá Múìbá, ọmọ yìí ò bú yín. Ìbéèrè ló bi yín."

Ọwọ́ náà wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bàbá mi wọlé lọ. Nígbà tó jáde, páálí lẹ́ǹsì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé e lé orí àtẹ, ó ní bí mo bá mọ̀ ọ́n tó bẹ́ẹ̀, kí èmi lọ gbé e padà, òun ò ní bá mi lọ.

Láàárọ̀ Mọ́ńdè, ìyá mi paná. Mi ò rí i kó paná lọ́jọ́ iṣẹ́ rí, àfi bí èèyàn bá kú. A wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Ìbàdàn, kámẹ́rà wà nínú àpò ìyá mi, mo gbé páálí náà lé itan bí ẹni gbé ọmọ tuntun, a sì rí àwọn tó ń ta ẹja tútù ní Àṣẹ́jíire bí a ṣe ń kọjá. Ọkùnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù náà wo wa láti òkè délẹ̀. Ó bi wá pé ọ̀gá wo ló rán wa. Ìyá mi nawọ́ sí mi.

Mo ṣàlàyé fún un. Ó gbé lẹ́ǹsì kékeré kan jáde, kò ju kóòpù tíì lọ, ó ní ṣé mo mọ̀ pé eléyìí kì í fa nǹkan sún mọ́ni. Mo ní mo ní ẹsẹ̀, èmi ni màá sún mọ́ ọn. Ó ní kí n dán an wò. Mo ní kí ìyá mi lọ dúró lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, láàárín àwọn páálí, níbi tí òkùnkùn ti ṣú jù. Mo yà á. Ọkùnrin náà gba kámẹ́rà, ó wo fọ́tò yẹn fún ìgbà díẹ̀, ó wo ìyá mi, ó tún wo fọ́tò. Ojú epo tó ta sí ìyá mi lápá hàn kedere. Ó gba gígùn, ó fún wa ní kékeré.

A ò délé ká tó yà sí Apòmù. Bàbá mi ti ṣáájú wa débẹ̀. Ó ní òun kàn wá kí ìyá òun ni. Mo gbé kámẹ́rà fún un, kò gbà á. Ó ní, "Ìwọ lo yàn án. Ìwọ náà ni kó o yà á."

Ìyá Àgbà bi mí bóyá kò ní bù yẹ̀rì. Mo ní kò níná. Mo jókòó sórí ẹní lọ́dọ̀ wọn. Mo ní kí wọ́n sọ ìtàn ọkùnrin tó jí kòkó wọn ká nígbà tí bàbá mi wà ní kékeré. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí sọ ọ́, inú bí wọn bí ẹni pé àná ló ṣẹlẹ̀, wọ́n gbójú sókè, ìmọ́lẹ̀ fèrèsé dà sí wọn ní ẹ̀rẹ̀kẹ́. Nígbà tí ìtàn parí, wọ́n tún ìborùn wọn ṣe, wọ́n jókòó dáadáa, wọ́n ní ìgbà wo ni mo fẹ́ yà á gan-an. Mo ní mo ti yà á.

Mo gbé ẹ̀yìn kámẹ́rà sún mọ́ wọn. Wọ́n wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà, wọ́n bi bàbá mi bóyá ìkankan ṣẹ́ kù láyé nínú àwọn ìyàwó ilé tó fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Bàbá mi ní gbogbo wọn ti lọ.

"Ó mà ṣe o," ni Ìyá Àgbà wí. "Ǹ bá fi hàn wọ́n."

Fọ́tò yẹn wà lára ògiri Bàbá Kékeré lókè òkun títí dòní. Ìyá Àgbà náà ní tiwọn, gbogbo àlejò tó bá wọlé ni wọ́n fi ń hàn, títí Ọlọ́run fi pè wọ́n. Alága ní oríire ni. Ó ní kí bàbá mi má mú mi wá sípàdé ẹgbẹ́; bàbá mi mú mi lọ, mo sì jókòó sí iwájú.

Mo ti di onífọ́tò báyìí, mo ní lẹ́ǹsì tó kún àpò. Mo rò pé mo ti ju ọmọ yẹn lọ títí di ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, nígbà tí oníbàárà kan ní Ìbàdàn ní kí n gbé lẹ́ǹsì ńlá wá síbi ìkómọ ọmọ rẹ̀, kí àwọn àlejò lè mọ̀ pé òun pe èèyàn gidi. Pálọ̀ kékeré ni. Mi ò jiyàn. Mo gbé e kọ́rùn láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, mi ò fi ya ẹyọ fọ́tò kan, kékeré ni mo fi ya gbogbo wọn. Nígbà tí mò ń bọ̀ wálé, ọrùn ń dùn mí, ojú sì ń tì mí sí ọmọ ọdún mẹ́rìnlá kan tó rí ọwọ́ bàbá rẹ̀ lókè tí kò yẹ̀. Ohun tó mọ̀ kéré sí tèmi. Àmọ́ kì í bẹ̀rù ohun tí mò ń bẹ̀rù.

Lọ́sẹ̀ yìí, ẹlòmíràn tún pè mí, ó ní òun gbọ́ pé kámẹ́rà kékeré ni mò ń lò, ṣé mi ò ní lẹ́ǹsì ńlá ni.

Mo ní, "Mo ní in. Ilé ló wà, ilé náà ló sì máa wà."