Òkúta tí Òòfà Pa Lẹ́nu Mọ́

Bí ẹ bá rí ẹni tó mọ sípíkà tún ṣe ju Oníràwọ̀ lọ, ẹ mú un wá kí n rí i. Sípíkà tó ti yadi láti ayé bàbá olówó rẹ̀, bí ọkùnrin yìí bá ti gbé etí lé e, á kọ́kọ́ wúkọ́, á sì bẹ̀rẹ̀ orin. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kọ́ ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn. Òkúta ìyàwó rẹ̀ ni.

Ọ̀sán gangan ni ìyàwó ń sá aṣọ lẹ́yìn ilé nígbà tí ojú ọ̀run ké bí ẹni pé wọ́n fa páànù tó gùn tó ìlú méje ya. Nǹkan kan já lulẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ agbọ̀n aṣọ. Ó gbé e. Kò gbóná rárá, ó tutù bí omi kànga. Kò ju ìkúùkù ọmọdé lọ, síbẹ̀ ó wúwo bí irin. Ara rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò, ó sì ní kòtò kéékèèké bí ìgbà tí èèyàn fi àtàǹpàkò tẹ amọ̀ tútù.

Nígbà tó ní ìràwọ̀ ló já bọ́, àdúgbò fi í rẹ́rìn-ín. "Màmá, ta lẹ ṣẹ̀ lókè tó fi sọ òkò lù yín?" Onírọ́ ni wọ́n ń pè é títí ó fi kú láìbímọ. Oníràwọ̀ wá búra níbi ibojì pé òkúta náà á wọ inú àpótí gíláàsì ní ilé ìwádìí tí wọ́n ti ń yẹ òkúta ojú ọ̀run wò, orúkọ ìyàwó òun á sì wà lábẹ́ rẹ̀.

Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tí kò ní wòran. Ó ní òòfà kan tó tú lẹ́yìn sípíkà ńlá, tó lágbára débi pé ó lè fa eyín irin yọ lẹ́nu àgbà. Kó tó sún un mọ́ òkúta náà tán, pàá! Wọ́n ti lẹ̀ mọ́ra.

Aránṣọ òdìkejì ọ̀nà a máa kígbe pé, "Bàbá, òkúta yín ti fẹ́ òòfà! Ìgbà wo ni wọ́n máa bímọ?"

"Ìwọ kọ́kọ́ wá yọ abẹ́rẹ́ tó o gbàgbé sínú ṣòkòtò mi ná!"

Níkẹyìn, ó gbé òkúta lọ sí ilé ìwádìí. Olùwádìí kan, obìnrin tí Oníràwọ̀ lè bí lọ́mọ, gé èérún kan lára rẹ̀, ó gbé e sínú ẹ̀rọ.

"Bàbá, òótọ́ ni. Òkè ló ti wá."

Ẹsẹ̀ Oníràwọ̀ fẹ́ẹ̀ jó.

"Ẹ dúró ná, sà. Irú rẹ̀ kún pẹpẹ wa. Ìrántí inú irin rẹ̀ là ń wá. Kí ilẹ̀ ayé tó wà rárá ni agbára òòfà ojú ọ̀run ti kọ nǹkan síbẹ̀, ẹ̀rọ wa sì lè kà á. Ṣùgbọ́n tiyín ti dà bí ògiri tí wọ́n kùn lẹ́fun. Ta ló fi òòfà kàn án?"

Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Bó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan péré ńkọ́?"

"Ẹ̀ẹ̀kan ti tó láti pa á rẹ́."

"Mo mọ nǹkan tún ṣe o, ọmọ mi. Ṣé kò ṣeé tún ṣe ni?"

"Kò ṣeé ṣe, sà."

"Àpótí gíláàsì yẹn... orúkọ ìyàwó mi ò gùn."

Obìnrin náà fi bébà wé òkúta, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. "Ẹ má bínú, bàbá. Ẹ máa gbé e lọ sílé."

Ta ló tilẹ̀ kù tí yóò sọ fún pé òótọ́ ni? Àwọn tó pe ìyàwó rẹ̀ lónírọ́ ti kú, àwọn tó kù ti kó lọ. Ó gbé òkúta sí orí tábìlì ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó gbé òòfà sí ìkángun kejì, ó jókòó sáàárín wọn.

Aránṣọ wọlé pẹ̀lú oníbàárà méjì. "Bàbá, ẹ bá wa ṣe é. Ẹ̀ẹ̀kan péré!"

Oníràwọ̀ wo òkúta náà títí. Kò sí ohun tó kù nínú rẹ̀ tó lè bàjẹ́ mọ́. Ó na ọwọ́ mú òòfà.

Pàá!

Wọ́n pàtẹ́wọ́.