Káàdì Tí Mọ̀ọ́tán Fi Joyè

Bó bá ṣe pé ẹnu ni wọ́n fi ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, ọkùnrin tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Mọ̀ọ́tán ì bá ti tún ti gbogbo ayé ṣe. Abẹ́ àtẹ̀gùn ilé alájà kan ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, yàrá tóóró tí ẹni tó bá sanra díẹ̀ kò lè yíjú padà nínú rẹ̀ kó má fi ìdí gbá nǹkan ṣubú. Bí ẹ bá gbé kọ̀ǹpútà tó bàjẹ́ lọ bá a, kò ní bi yín ohun tó ṣe é. Ẹ ò tíì gbé e kalẹ̀ lórí tábìlì tí yóò ti ní, "Mo ti mọ̀ ọ́n tán." Yẹ̀yẹ́ ni wọ́n fi orúkọ náà ṣe, òun sì gbà á bí oríkì.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń ya àwòrán ilé, ní òdìkejì títì. Iṣẹ́ ilé-ìwòsàn ńlá kan bọ́ sí i lọ́wọ́, àwòrán ọ̀hún sì wúwo. Bó bá ní kí ilé náà yí lójú kọ̀ǹpútà kóun lè rí ẹ̀yìn rẹ̀, ilé á máa wọ́ bí aláboyún tó ń gun òkè. Ó ránṣẹ́ sí ọkùnrin kan tó ń ta ẹ̀yà kọ̀ǹpútà. Ọkùnrin náà dé tòun ti táì lọ́rùn, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wo ojú kọ̀ǹpútà láti ọ̀ọ́kán, ó mi orí.

"Mà, káàdì tó ń gbé àwòrán jáde nínú ẹ̀rọ yín, káàdì gẹ́ẹ̀mù ni. Ohun ìṣeré ọmọdé nìyẹn. Káàdì àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ lẹ nílò."

Ó dá iye rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n di àyà mú. "Káàdì lò ń tà fún mi ni, àbí ilé?"

Nígbà tí Mọ̀ọ́tán gbọ́, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n fẹ́ lu yín ní jìbìtì ni. Ìbejì ni káàdì méjèèjì. Ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe wọ́n kàn lẹ nǹkan kékeré kan tí kò tó hóró iyanrìn mọ́ èyí lára ni. Òun ló ń sọ fún kọ̀ǹpútà pé, 'Ọmọ gẹ́ẹ̀mù ni mí o, ẹ má fi iṣẹ́ àgbà rán mi.' Bí mo bá ṣí i nípò, káàdì á dàgbà lójú ẹsẹ̀."

Ká sọ tòótọ́, kò parọ́ dé ibẹ̀. Ìyá kan náà ló bí wọn. Ilé-iṣẹ́ náà kàn sọ ọ̀kan ní ọmọ ọba, ó sọ èkejì ní ẹrú, kó lè gba owó orí ọmọ ọba lọ́tọ̀ ni.

Káàdì gẹ́ẹ̀mù ọmọ rẹ̀ obìnrin ni Mọ̀ọ́tán fi kọ́ iṣẹ́ náà nílé. Èéfín sọ lábẹ́ irin gbígbóná tó fi ń lẹ ẹ̀yà kéékèèké. Ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, sáré wọlé.

"Kí ló ń jó?"

"Iná mànàmáná ni. Kò dúró sójú kan."

"Iná mànàmáná ló di irin gbígbóná mú lọ́wọ́ yẹn?"

Ọmọ náà dijú mọ́ bàbá rẹ̀ títí ọ̀sẹ̀ fi parí. Káàdì kejì, tó rí rà ní àlòkù, tọ ti àkọ́kọ́ lẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ló wá tú ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó fi dígí sójú, ó pa èémí mọ́ra, ó yọ hóró kékeré náà, ó fi òmíràn rọ́pò. Nígbà tó tan kọ̀ǹpútà, orúkọ ńlá àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ hàn gedegbe lójú rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì pàtẹ́wọ́. Mọ̀ọ́tán gbé ọwọ́ sókè bí ẹni tó gba ife-ẹ̀yẹ.

Ẹ̀gbọ́n ṣí ilé-ìwòsàn. Ilé-ìwòsàn ń wọ́ bó ṣe ń wọ́ látẹ̀yìnwá.

"Ṣé kò tíì jí ni?"

"Oyè tuntun ni, Ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ jẹ́ kó mọ́ ọn lára."

Àmọ́ òógùn ti bò ó. Ó rákòrò wọ abẹ́ tábìlì, ó ní òun fẹ́ wo fáànù. Ohun tó rí níbẹ̀ ló mú kó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Wáyà tó gbé àwòrán lọ sójú kọ̀ǹpútà kò sí lára káàdì rárá! Ihò mìíràn lókè ló wà, ihò tí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ fi ń tiro gbé àwòrán jáde. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ra káàdì, ìjókòó lásán ló ń jókòó, kò sẹ́ni tó rán an níṣẹ́. Ta ló sì ki wáyà bọ ihò yẹn? Mọ̀ọ́tán fúnra rẹ̀ ni, lọ́jọ́ tó to ẹ̀rọ náà jọ.

Ó yọ wáyà, ó fi í síbi tó yẹ lára káàdì, ó jáde tòun ti eruku lórí. "Ẹ tún un gbìyànjú."

Ilé-ìwòsàn yí bí òkòtó. Ẹ̀gbọ́n pariwo, ó dì mọ́ ọn, àdúrà bẹ̀rẹ̀. Ìgbà yẹn ló yẹ kó sọ̀rọ̀. Ó la ẹnu, ohun tó sì jáde ni, "Ọpọlọ ni, Ẹ̀gbọ́n mi. Ọpọlọ lásán ni."

Wọ́n ní bí irọ́ bá sáré fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòótọ́ á lé e bá. Irọ́ Mọ̀ọ́tán kò tilẹ̀ ráyè na ẹsẹ̀. Ẹ̀gbọ́n pe ọlọ́jà oní-táì náà lórí fóònù, ó bú u dáadáa, ó ní kó wá wo ohun tí àbúrò òun ṣe. Ọkùnrin náà dé, ó ka orúkọ ńlá ọ̀hún, ó fa Mọ̀ọ́tán lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ bá mi ṣe irú ẹ̀ rẹpẹtẹ. Èmi á wá páálí tó rẹwà, àá tà á bí ojúlówó."

Orí Mọ̀ọ́tán wú. Ó ti fẹ́ sọ pé kò burú nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí lẹ́yìn wọn.

"Bí ojúlówó?" Ẹ̀gbọ́n ló dúró níbẹ̀. "Ilé-ìwòsàn ni mò ń yà o! Ṣé ayédèrú ni mo wá fi ń yà á?"

"Àbúrò yín ló ṣe é, Mà," ni ọlọ́jà wí kíá. "Èmi ò mọ nǹkan kan."

Ẹ̀gbọ́n yíjú sí àbúrò rẹ̀. Mọ̀ọ́tán wo ilẹ̀, ilẹ̀ kò lanu gbé e mì.

"Kì í ṣe káàdì ló yanjú ẹ̀, Ẹ̀gbọ́n mi. Wáyà ni."

Ó ṣàlàyé gbogbo rẹ̀, títí kan káàdì ọmọ rẹ̀ tó jó. Ẹ̀gbọ́n lọ sídìí kọ̀ǹpútà kejì, tó ní káàdì gẹ́ẹ̀mù lásán nínú, ó yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò: wáyà wà nínú ihò òmùgọ̀ níbẹ̀ náà. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣí i nípò. Ilé-ìwòsàn yí, kò sì sí ojú tó lè mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹrú àti ọmọ ọba.

Ọlọ́jà bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n kọjú sí i. "Ìwọ tó fẹ́ tà mí pọ̀ mọ́ káàdì, ṣé o wo ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà lọ́jọ́ yẹn?" Ẹ̀rín gbẹ. Ó tún táì rẹ̀ ṣe, ó wá ọ̀nà lọ.

"Ní tìrẹ," ni Ẹ̀gbọ́n sọ fún Mọ̀ọ́tán, "lọ ra káàdì mìíràn síbí. Kó o sì mú èyí tó o fi joyè yìí lọ fún ọmọ tó o jó tiẹ̀ níná."

Báyìí ni káàdì akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ ṣe di ẹrù yàrá ọmọ. Kò pẹ́ tí ọmọ náà fi wá bá bàbá rẹ̀ ní pálọ̀: "Bàbá mi, gẹ́ẹ̀mù ò sáré tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ó dà bíi pé káàdì yìí ń ṣe bí àgbà. Ẹ ò lè bá mi yọ oyè yẹn kúrò lórí ẹ̀?"

Mọ̀ọ́tán dìde, ó nawọ́ sí irin rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ti gbé irin náà, ó sì jókòó lé e lórí.