Ẹ̀yìn Ìyá Onílé Mi

Aago mẹ́fà àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan ni ìyá onílé mi ní Àgọ́-Ìwòyè kúnlẹ̀ gbàdúrà, tí kò sì lè dìde mọ́. Ó ń gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ nígbà náà. Ohunkóhun tí o bá sọ fún un, yóò bi ọ́ pé, "Ṣé o fojú rẹ rí i?" Ìyẹn ni mo ṣe fẹ́ràn rẹ̀.

A gbé e dé ilé ìwòsàn, dókítà rẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Màmá, ìkúnlẹ̀ ẹ̀yin Aládùúrà yìí ti pọ̀ jù."

Nígbà tí ìrora ẹ̀yìn rẹ̀ le sí i, dókítà náà ní jẹjẹrẹ ti wọ egungun.

"Dókítà, ṣé ẹ fojú yín rí i?"

"Màmá, ṣé ẹ fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́ ni?"

Kò rí i. Kò tilẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò. Dókítà mìíràn ló gba omi díẹ̀ nínú ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀, tí wọ́n bá olú tíntìntín níbẹ̀, irú èyí tó ń mú búrẹ́dì bu. Oògùn jẹjẹrẹ ti sọ ara rẹ̀ di ahẹrẹpẹ, olú sì ráyè wọlé. Ó ṣọ̀wọ́n, mo gbà. Ṣùgbọ́n ó ní oògùn! Kí ni dókítà àkọ́kọ́ ń dúró dè?

N kò lè sọ bóyá yóò tún rìn. Lọ́jọ́ tí oògùn náà bẹ̀rẹ̀, ó ní kí n fọwọ́ kan ẹsẹ̀ òun. Mo di àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ mú pinpin. Ó ń wojú mi, ó ní, "Ìgbà wo lo fẹ́ fọwọ́ kàn án?"