Gééjì Epo Bàbá Onílé Wa

Bàbá onílé wa ní àdúgbò Angwan Rukuba máa ń fi ìka lu táǹkì ọ̀kadà wọn àtijọ́, wọ́n á tẹ́tí, wọ́n á ní, “Epo ṣì wà.” Nígbà tí etí wọn ò gbọ́ dáadáa mọ́, wọ́n ra gééjì epo, wọ́n dè é fúnra wọn. Òdì ló ń sọ: tí epo bá tán, á ní ó kún.

Mo ní, “Bàbá, ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì tún un ṣe.”

“Ba komai, kò séwu, ó ti yé mi bẹ́ẹ̀.”

Lọ́jọ́ tí ìyàwó mi ń rọbí, mo yá ọ̀kadà náà láti gbé e lọ sílé ìwòsàn. Gééjì ní epo kún. Ìpayà ò jẹ́ kí n rántí. Ọ̀kadà kú ní Nasarawa Gwong, ẹ̀bá títì níbẹ̀ ni ìyàwó mi bímọ sí.

Bàbá wá gbé ọmọ náà mọ́ra, omi ń dà lójú wọn. Wọn ò dárúkọ gééjì, èmi náà ò dárúkọ rẹ̀. Títí dòní, n ò mọ̀ bóyá ẹkún ayọ̀ ni, àbí ti àbámọ̀.