Èdè Ọmọ Ọmọ Wa

Láàárọ̀ ọjọ́ tí a lò kẹ́yìn pọ̀, ìyàwó mi dúró ti dòdò tó ń dín, ó ń fi ṣíbí lu tábìlì: "Zie-ken-huis." Ilé ìwòsàn nìyẹn lédè Dutch. Nọ́ọ̀sì ni ní Largo, ìlú tí a ń gbé, ṣùgbọ́n Amsterdam ni ọmọ ọmọ wa kan ṣoṣo wà, kò sì tíì gbọ́ èdè mìíràn. Torí rẹ̀ ló ṣe ń rẹ́ ọ̀rọ̀ gígùn wọn wẹ́wẹ́ bí ilá.

Mo pè é tẹ̀lé e, ló bá ní, "Daddy, ẹ ń pè é dọ́gba bí ẹni ń ka Sáàmù! Orí ọ̀rọ̀ ni kẹ́ ẹ tẹ̀, ìyókù á tẹ̀lé e."

"Kí ló kàn mí? Ìwọ lò ń bá ọmọ náà sọ̀rọ̀."

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, níbi iṣẹ́, ọkàn ìyàwó mi dáṣẹ́ sílẹ̀.

Lẹ́yìn ìsìnkú rẹ̀, ẹ̀rù bà mí pé ọmọ náà ti bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́ nìyẹn. Lọ́jọ́ Sunday kan, mo fúnra mi pè é lórí fóònù tí a fi ń rí ojú ara wa. Ó wojú mi títí. Ó gbé ìbọ̀wọ́ òtútù rẹ̀ sókè, ó ní, "Handschoen," ó sì dúró dè mí.

Mo pè é tẹ̀lé e. Ó mi orí pé kò rí bẹ́ẹ̀, ó tún un pè, orí ọ̀rọ̀ ló tẹ̀.